Ẹ Fi Orúkọ Ẹ̀gbọ́n Mi Sílẹ̀

Kì í ṣe pé mo fẹ́ pa á. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ìyẹn, torí àwọn kan ṣì ń sọ ọ́ kiri pé mo gbé irin lọ́wọ́ wọ ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Irọ́ ni. Irin ti wà ńlẹ̀ níbẹ̀. Ilé là ń kọ́, níbo ni irin ò sí? Èmi kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo mú un ni.

Ata ni wọ́n ń pè mí. Bíríkìlà ni mí, ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń mọ búlọ́ọ̀kù. Ẹni tó sọ mí lórúkọ yẹn ò purọ́ mọ́ mi. Mo máa ń ta sí èèyàn lójú kó tó béèrè ohun tó fẹ́ béèrè tán. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wà láyé, ata náà ní ìdérí. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Òun á dúró lápá ọ̀tún ògiri, èmi á dúró lápá òsì, okùn kan ṣoṣo la fi ń wo ìlà, a ó sì pàdé láàárín. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ sí mi, tí ojú mi bá ti ń pọ́n, ẹ̀gbọ́n mi ò ní sọ nǹkan kan. Á kàn na ọwọ́ sí mi lẹ́yìn, á di bẹ́líìtì mi mú gírígírí, á wá máa fi ọwọ́ kejì ṣiṣẹ́ ẹ̀ lọ. N ó pariwo, n ó ṣépè, n ó fà á títí. Kò ní tú mi sílẹ̀ àfi tí inú mi bá rọ̀.

Àjà kẹrin la wà lọ́jọ́ tí pákó tó dúró lé kán. Mo rí i nígbà tó ń lọ. Kò ké. Orí irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ de òpó ló balẹ̀ sí, irin méjì sì gba àyà ẹ̀ jáde. Wọ́n ní kí n má wò ó, mo wò ó. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú nígbà tí wọ́n ń fà á yọ. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ gbẹ mọ́ mi lára títí di ìrọ̀lẹ́, torí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́ kúrò.

Ó fi ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta sílẹ̀, ó sì fi ilé tí kò tíì kọ́ tán sílẹ̀. Ògiri ti dúró, èmi àti ẹ̀ la jọ mọ ọ́n láwọn ọjọ́ tí iṣẹ́ ò sí, ṣùgbọ́n kò lórùlé. Tàpólì ni wọ́n ta bo yàrá iwájú, ibẹ̀ làwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń sùn. Lójú sàréè, níbi tí wọ́n ti ń rọ yẹ̀pẹ̀ lé e, mo sọ ọ́ kí gbogbo ayé gbọ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, màá kan òrùlé yẹn. Bí mi ò bá kàn án, kí èmi náà má rílé gbé."

Ibi tí owó òrùlé náà wà ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹni tó bá ti bá agbaṣẹ́ṣe ṣiṣẹ́ ilé rí mọ̀ pé àwa bíríkìlà kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹ̀. Ọ̀gá ara wa ni wá. A ní irinṣẹ́ wa, a ó gba iṣẹ́, a ó ṣe é, a ó gbowó. Ṣùgbọ́n owó náà kì í pé dé ọwọ́ wa. Nínú ọgọ́rùn-ún tí a bá fi òógùn wa ṣe, agbaṣẹ́ṣe á yọ ogún, á fi í ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ owó orí ní orúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò bá tíì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ọgbọ̀n ni wọ́n á yọ tiẹ̀. Bí ọdún bá parí, o lè lọ ṣàlàyé ohun tí o ná sórí iṣẹ́. Tí wọ́n bá rí i pé èyí tí wọ́n yọ pọ̀ ju owó orí ẹ lọ, wọ́n á dá èyí tó lé padà fún ọ. Gbogbo bíríkìlà ló ń ṣépè fún ogún yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn náà ló sì ń dúró dè é lọ́dọọdún.

Láyé ẹ̀gbọ́n mi, òun ló ń lọ gbà á. Èmi àti ìwé, a ò rí ara wa sójú. Nígbà tó kú, mo ní kí ogún yẹn máa kóra jọ sọ́hùn-ún, mi ò ní fọwọ́ kàn án, owó páànù ni. Ọgbọ̀n oṣù ni mo fi mọ ògiri fún Agbaṣẹ́ṣe, tí mò ń wo ogún tó ń lọ, tí inú mi ń dùn. Agbaṣẹ́ṣe yìí kì í ṣe àjèjì o. Òun àti ẹ̀gbọ́n mi jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà ni, kí tiẹ̀ tó là. "Ẹ̀yin" ni mo máa ń pè é, bí mo ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n mi.

Oṣù mẹ́rin ló kù kí òjò bẹ̀rẹ̀. Gògóńgò, ọkùnrin ọlọ́rùn gígùn tó ń lẹ táìlì fún wa, gbé ìwé kan jáde nígbà tí a jókòó sinmi, ó ń fi í fẹ́ ara ẹ̀. Wọ́n ti dá owó ọdún kan padà fún un. Ó ní, "Ata, tìẹ ńkọ́? Àbí ẹnì kan ń bá ọ jẹ ẹ́?" Ó ṣe é bí eré. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dákẹ́ ẹ̀rín. Lọ́jọ́ kejì, mo gba ilé iṣẹ́ owó orí lọ. Obìnrin tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì fi okùn so awò ojú mọ́ ọrùn. Mo sọ orúkọ mi. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, ó tún un tẹ̀.

"Kò sí orúkọ yín níbí."

"Ẹ wò ó dáadáa."

"Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, bọ̀dá. Kò sẹ́ni tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí wa lórúkọ yín rí."

"Ọgbọ̀n oṣù ni mo fi ṣiṣẹ́!"

"Bóyá. Ṣùgbọ́n owó kankan ò dé ibí."

Mo fi ẹ̀ṣẹ́ lu gíláàsì náà. Kò fọ́, ọwọ́ mi ló bó. Ẹ̀ṣọ́ méjì gbé mi lápá lẹ́sẹ̀, wọ́n sọ mí sórí títì bí àpò yanrìn. Ibi tí mo dojú bolẹ̀ sí yẹn ni mo ti rí gbogbo ẹ̀ kedere, tàbí mo rò pé mo rí i. Ogún kúrò lọ́wọ́ mi. Ogún ò dé ọwọ́ ìjọba. Ta ló wà láàárín? Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ń jẹ òrùlé ẹ̀gbọ́n mi! Ọkọ̀ tuntun tó rà lọ́dún tó kọjá wá sí mi lọ́kàn, ẹ̀jẹ̀ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Àwọn àgbà ní ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ẹ ṣáà máa gbọ́.

Agbaṣẹ́ṣe wà nísàlẹ̀ ilé, nínú yàrá tí a ò tíì rẹ́ ògiri ẹ̀, òun àti púlọ́ńbà ń wọn ibi tí páìpù máa gbà. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín.

"Ata! Kí ló tún dé? Ta ló tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀?"

"Owó mi dà?"

"Owó wo?"

"Ogún tó o ń yọ! Ọgbọ̀n oṣù! Mo ti lọ síbẹ̀, wọ́n ní wọn ò rí i. Ìwọ olè yìí, owó mi dà?"

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa pè é ní "ìwọ" nìyẹn. Púlọ́ńbà yanu. Agbaṣẹ́ṣe na ọwọ́ sí mi, bóyá ó fẹ́ fi pẹ̀tù sí mi nínú ni, mo fi orí kàn án nímú. Mo gbọ́ tó ró. Ẹ̀jẹ̀ bo ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òun náà kì í ṣe ọ̀lẹ, ó ti gbé sìmẹ́ǹtì lórí rí kó tó di ọlọ́kọ̀. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbá mi lọ́rùn, ó gbé mi lu ògiri, eyín mi kan fò jáde. A wọ́ ara wa ṣubú sínú ìdọ̀tí búlọ́ọ̀kù. Mo bù ú jẹ léjìká. Ó fi orúnkún gún mi nínú, mo bì. Púlọ́ńbà ń pariwo pé "Ẹ gbà wá o, wọ́n ń para wọn!"

Agbaṣẹ́ṣe kọ́kọ́ dìde. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Gbọ́ mi. Ata, gbọ́ mi ná. Ẹ̀gbọ́n rẹ—"

"Má dárúkọ ẹ̀!"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ni—"

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Irin rọ́ọ̀dù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó gùn tó apá mi, ó nípọn tó àtàǹpàkò. Lójú mi, olè tí wọ́n ká mọ́ tó wá sá sẹ́yìn òkú ni. Mo ju irin náà tagbáratagbára. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló bá. Ẹnu ẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀ láti sọ̀rọ̀ nígbà tó bá a, ìdajì ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀ sì yà lọ sápá kan. Ó jókòó mọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń fi ọwọ́ wá ẹnu ara ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ kan tí mi ò sọ fún ọlọ́pàá. Kí n tó ju irin yẹn, mo dúró díẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Mò ń dúró kí ẹnì kan di bẹ́líìtì mi mú.

Lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ di bó-ò-lọ-o-yà-mí. Àwọn tó wà lókè sọ̀ kalẹ̀. Púlọ́ńbà la páìpù mọ́ mi lẹ́yìn, ẹnì kan gbé ṣọ́bìrì, wọ́n lù mí bí ejò àìjẹ. Gògóńgò tó dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ ló fi bàtà iṣẹ́ tẹ ọwọ́ òsì mi mọ́lẹ̀, tó ń yí gìgísẹ̀ ẹ̀ lórí ẹ̀, ó ń sunkún bó ṣe ń ṣe é, ó ń ní, "O ti pa á! O ti pa á!" Ọmọńdinrín mi ò tíì tọ́ di òní. Egungun ìhà méjì kán. Nígbà tí ọlọ́pàá fi máa dé, mo ti ń dúpẹ́ pé wọ́n dé.

Ọjọ́ kẹta ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wá sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó gbé àpò sìmẹ́ǹtì kan lórí, ó sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú irin tí wọ́n tì mí mọ́. Mo ní, "Ìyàwó wa, o káre." Ó na ọwọ́ gba àárín irin kọjá, ó gbá mi létí, sí ibi tó ti wú.

"Ọkọ mi kékeré, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ní tìtorí owó orí lẹ ṣe fọ́ èèyàn lẹ́nu?"

"Òrùlé yín ló jẹ! Owó tí—"

"Ẹ dákẹ́." Ó tú àpò náà dà sílẹ̀. Lẹ́tà ni, lẹ́tà jàntìrẹrẹ, kò sí èyí tí wọ́n ṣí nínú wọn. Òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ owó orí wà lára òmíràn, ti ọ́fíìsì Agbaṣẹ́ṣe wà lára òmíràn. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ló wà lára gbogbo wọn.

"Oṣooṣù ni wọ́n ń gbé e wá," ni ó wí. "Tí mo bá ti rí orúkọ ẹ̀ lára ẹ̀, àyà mi á já. Mi ò lè ṣí i, mi ò sì lè sun ún. Ta ni mo fẹ́ ṣí i fún? Mo kàn ń jù ú sínú àpò. Àná ni wọ́n sọ ohun tó fa ìjà fún mi, ni mo bá ṣí ọ̀kan."

Ó gbé e sí mi lójú. Ó wà níbẹ̀, owó tí mo ṣe lóṣù yẹn, ògiri tí mo fi ọwọ́ ara mi mọ. Ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ti gbà á, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i. Orúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́: ẹ̀gbọ́n mi.

Háà. Mo rántí.

Ọjọ́ kẹjọ tí a sin ẹ̀gbọ́n mi ni mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Agbaṣẹ́ṣe gun pákó wá bá mi lórí ògiri, ó mú ìwé gbọọrọ kan dání. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi nínú ìwé yẹn láti ọjọ́ tí a ti ń ṣiṣẹ́, torí òun ló forúkọ sílẹ̀, èmi ò ṣe wàhálà ẹ̀ rí. Owó kan náà là ń gbà, òun ló ń pín in. Agbaṣẹ́ṣe ní, "Àbúrò, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ ló ṣì wà níbí. Jẹ́ n pa á rẹ́, kí n kọ tìẹ sí i. Kí ìwọ náà lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn olówó orí." Pípa rẹ́ tó ní òun fẹ́ pa á rẹ́ nìkan ni mo gbọ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ṣì wà ní èékánná mi! Mo gbé búlọ́ọ̀kù sókè, mo ní, "Ẹ ò ní pa orúkọ ẹ̀gbọ́n mi rẹ́! Ẹ fi orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀! Ẹ ò bá jẹ́ dán an wò!" Ó pa ìwé náà dé. Ó ní, "Kò burú. Bó o bá ṣe fẹ́." Kò dá a sọ mọ́ látọjọ́ náà.

Ohun tó fẹ́ sọ fún mi nìyẹn nígbà tí mo fi irin dí i lẹ́nu.

Mo jókòó sórí sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ àtìmọ́lé, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ìyàwó wa ò bá mi sunkún. Ó ń ṣa lẹ́tà ẹ̀ padà sínú àpò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òun náà ló gba ìdúró mi. Ìwé ilé tí kò lórùlé yẹn ló fi dúró fún mi lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Bí mo bá sá, wọ́n á gba ògiri náà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo gbé àpò lẹ́tà lọ bá obìnrin awò ojú. Ó kọ́kọ́ sún àga sẹ́yìn, ó wo ẹ̀ṣọ́. Mo ní kó má bẹ̀rù, mo sì ro gbogbo ẹ̀ fún un. Ó ka lẹ́tà títí.

"Òkú yìí mà ṣiṣẹ́ o. Oṣù ọgbọ̀n, kò pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ."

"Èmi ni."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló lè jẹ́rìí pé ẹ̀yin ni? Mi ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni gbé owó òkú fún un. Ẹni tó sanwó ló máa sọ ẹni tó san án fún. Ẹ mú un wá kó wá fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́."

"Kò lè fi ẹnu sọ ọ́."

"Kí ló ṣe ẹnu ẹ̀?"

Mo wo ilẹ̀. Ó yọ awò ojú ẹ̀, ó wo ọwọ́ mi tí wọ́n fi báńdéèjì wé, ó wo ojú mi, ó sì yé e.

"Kó kọ ọ́ síwèé, nígbà náà," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó mọ̀ o, tó bá kọ ọ́, òun náà ti jẹ́wọ́ pé òun ń sanwó lórúkọ òkú. A máa bu owó ìtanràn lé e."

Ojú ọ̀nà ilé ìwòsàn ni ìyàwó Agbaṣẹ́ṣe ti rí mi. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í là á mọ́ mi lórí. Gìgísẹ̀ bàtà náà ṣóńṣó, ibi tó bá bà, á dá a lu. "Ẹni tó ń jẹun nílé mi! Ẹni tí ọkọ mi ń pè ní àbúrò! Ṣé o wá parí ẹ̀ ni?" Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì sínú àpò ṣòkòtò, mo dúró. Ó lù mí títí tí apá fi ro ó. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ̀ mí lójú, mi ò nù ún. Ìgbà tó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó sílẹ̀, mo sì gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wọlé.

Wọ́n ti fi wáyà di eyín Agbaṣẹ́ṣe mọ́ra, páìpù ni wọ́n ń gbà bọ́ ọ. Ojú ẹ̀ wú bí nǹkan tí wọ́n gbàgbé sínú omi. Dókítà ní àwọn máa là á, àwọn máa fi irin pẹlẹbẹ méjì àti sikúrúù mẹ́jọ so egungun náà pọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní jẹ ohun líle mọ́ láyé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí," mò ń sọ ọ́, mò ń tún un sọ, títí ó fi na ọwọ́ gba bírò.

Ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé oògùn ẹ̀: *Mo bi ọ́ nípa orúkọ yẹn.*

"Ẹ bi mí lóòótọ́."

*O ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.*

"Mi ò jẹ́ kí ẹ parí ẹ̀."

Mo gbé ìwé tí obìnrin awò ojú fún mi kalẹ̀, mo ṣàlàyé ẹ̀, mo sọ ti owó ìtanràn náà, mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Mo ní tó bá fà á ya, mi ò ní bá a wí. Ó wo òrùlé yàrá títí. Lẹ́yìn náà ó fà á mọ́ra, ó kọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀: pé ẹ̀gbọ́n mi ti kú, pé èmi ni mo mọ gbogbo ògiri náà láti oṣù wo dé oṣù wo, pé òun mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí òun ń san án. Ó fọwọ́ sí i. Ó wá fa ìwé oògùn rẹ̀ padà, ó kọ ọ̀rọ̀ kan sí i, ó tẹ bírò náà mọ́ ọn débi tí ìwé fi ya: *Torí ẹ̀gbọ́n rẹ. Kì í ṣe torí tìẹ.*

Owó náà jáde. Ẹ gbọ́, ó jáde! Wọ́n fi orúkọ mi rọ́pò ti ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ṣírò ẹ̀, wọ́n yọ tiwọn, wọ́n sì dá èyí tó lé padà. Ó tó páànù, ó tó igi, ìṣó pàápàá wà nínú ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni adájọ́ dá ẹjọ́ mi. Kí n san owó iṣẹ́ abẹ Agbaṣẹ́ṣe pátápátá, owó irin, owó sikúrúù, owó ọjọ́ tó fi dùbúlẹ̀, tàbí kí n lọ ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta.

Mo sọ fún ìyàwó wa pé ẹ̀wọ̀n ni màá lọ. Mo ní kó ra páànù. Ó dì mí mú lọ́rùn ẹ̀wù níwájú kóòtù, ó mì mí jìgìjìgì.

"Ọkọ kan ti kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ fẹ́ kí n máa gbé oúnjẹ lọ fún ìkejì lẹ́wọ̀n? Ẹ lọ sanwó ọkùnrin yẹn kíákíá, kí n tó bínú!"

Mo san án. Gbogbo ẹ̀ ló lọ.

Agbaṣẹ́ṣe ti padà sẹ́nu iṣẹ́ báyìí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń lọ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹun. Kò gbé iṣẹ́ fún mi mọ́, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni mo ti ń mọ búlọ́ọ̀kù, orúkọ mi ló sì wà nínú ìwé wọn. Mo pàdé Gògóńgò lójú pópó lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dúró, ó lọ́ ẹnu sápá kan, ó ní, "Ata, wọ́n ní o ti kan òrùlé ẹ̀gbọ́n rẹ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Agbaṣẹ́ṣe lo kàn án sí." Ojú mi pọ́n. Ọwọ́ mi ti di ẹ̀ṣẹ́ kí n tó mọ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ààrá sán, tí afẹ́fẹ́ dìde, tí òjò àkọ́kọ́ já bọ́ lulẹ̀. Mo fi Gògóńgò sílẹ̀ níbẹ̀, mo sáré.

Kí n tó dé, afẹ́fẹ́ ti ṣí tàpólì náà lápá kan, ó ń na ògiri pàà pàà. Omi ń ya wọ yàrá. Àwọn ọmọ ti gun orí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi bààfù borí. Mo gun ògiri tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi mọ, mo fò mọ́ tàpólì náà, mò ń bú u, mò ń bú òjò, mò ń bú ara mi, ọwọ́ tí ọmọńdinrín ẹ̀ wọ́ ò lè dì í mú dáadáa. Afẹ́fẹ́ gbá a, ó gbé mi lẹ́sẹ̀ kúrò. Mo rí ilẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún.

Nǹkan fà mí sẹ́yìn. Ìyàwó wa ti gun búlọ́ọ̀kù tó kù lẹ́yìn ilé, òjò bò ó lójú, ó na ọwọ́ sókè, ó ti di bẹ́líìtì mi mú.

"Ẹ so ó!" ni ó pariwo. "Mo dì yín mú. Ẹ so ó!"

Kò tú mi sílẹ̀ títí òjò fi dá.